Èéyi ní Ibùdó Ogúnléndé: Láti Iléṣà dé Wad Kowli

Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún 1985, èéyi pa ènìyàn tí ó lé ní 2,000 ní ibùdó ogúnléndé kan ṣoṣo, ọmọdé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Wad Kowli ni orúkọ ibùdó náà, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Sudan, nítòsí ààlà Ethiopia. Ìyàn àti ogun ni ó lé àwọn ará Tigray dé ibẹ̀ láti ìparí ọdún 1984. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn ín. Nígbà tí wọn yóò fi dé, egungun ìhà àwọn ọmọ ti ṣeé kà. Oúnjẹ kò tó, omi kò tó, àgọ́ ń fara kan àgọ́. Ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ikọ́ ọmọ kan tó láti kó èéyi ran odidi agbo ilé. Nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé èéyi mú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kú.

Ohun tí ó dunni jù ni pé ìmọ̀ tí ìbá gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i kọ́. Láti ọdún 1956 ni David Morley, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wá, àìsàn kékeré ni ọ̀pọ̀ ka èéyi sí. Ohun tí ó rí ní Iléṣà àti ní Imẹ̀sí-Ilé yàtọ̀. Bí èéyi bá bá ọmọ tí kò jẹun re kánú, ẹnu ọmọ á bó, kò ní lè mu ọmú. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Òtútù àyà á wọlé. Èyí tí ó bá yè é lè máa rù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn ìyá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò nílò dókítà láti sọ èyí fún wọn. Ní ọdún 1962 ni ìròyìn tí Samuel Katz, Morley àti Saul Krugman jọ kọ jáde, lórí bí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 23 ni ó wà láàárín ìròyìn yẹn àti àwọn ibojì Wad Kowli.

Ìdí ìdádúró náà kò fara sin. Ogun kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ nílé kí wọ́n tó sá. Abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru, yìnyín sì ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀. Àwọn kan tún rò pé kò yẹ kí wọ́n gún ọmọ tí ó rù lábẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó rù gan-an ni èéyi ń pa. Lẹ́yìn irú àjálù báyìí ni èrò yí padà. Ìlànà tí àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1992 gbé abẹ́rẹ́ èéyi sí iwájú iṣẹ́ ìlera ní ibùdó, láìdúró de aláìsàn àkọ́kọ́.

Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1988 sí 1989, èéyi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Mozambique tí wọ́n sá lọ sí Malawi. Níbi tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, tí ó sì mú ọmọ tí ó ti gba abẹ́rẹ́, àwọn òbí a máa sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́. Ìṣirò ni ó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ ṣe. Ká ní ọmọ 10,000 wà ní ibùdó kan, tí 9,000 nínú wọn gba abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ orí yẹn, nǹkan bí 85 nínú ọmọ 100 ni abẹ́rẹ́ náà máa ń dáàbò bò. Ọmọ 7,650 bọ́ nìyẹn. Nínú 2,350 tí ó kù, 1,350 ti gba abẹ́rẹ́, 1,000 kò gbà á. Bí èéyi bá mú gbogbo wọn, èyí tí ó ju ìdajì lọ yóò jẹ́ ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí olùwádìí fi ń béèrè ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí ó dé ibùdó. Kò sì gbọdọ̀ gbára lé ìwé ilé-ìwòsàn nìkan, nítorí inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú sí. Ní ibùdó púpọ̀, ibojì tuntun ni wọ́n ń kà.

Àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Ààbò tí ọmọ gbà láti inú ìyá rẹ̀ a máa ṣèdíwọ́ fún abẹ́rẹ́, bí ààbò náà bá sì ti ń tán ni èéyi ń rí àyè wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti lo irú abẹ́rẹ́ kan tí ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 1992, àjọ náà fagi lé e, nítorí ìwádìí ní Senegal àti Guinea-Bissau fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà á ń kú ju ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí ó yá. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni wọ́n padà sí: kí ọmọ ibùdó gbà á ní oṣù mẹ́fà, kí ó tún un gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì fún un ní fítámì A.

Ní Dadaab, ilẹ̀ Kenya, ní ọdún 2011, ìyàn lé àwọn ará Somalia dé, èéyi sì bá wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mú ti lé ní ọdún 15. Inú ogun ni wọ́n ti dàgbà, kò sì sí ìjọba tí ó fún wọn ní abẹ́rẹ́ nígbà èwe. Ìlànà tí wọ́n gbé ka ọmọdé kò ká irú wọn, ó sì di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa gún àwọn àgbà lábẹ́rẹ́ títí dé ẹni ọdún 30.