Máàpù Ara Ògiri Iléèwé: Báwo La Ṣe Lè Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọjà ohun àtijọ́ mu nílùú òyìnbó níbí. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa ló ń ra máàpù Áfíríkà tí wọ́n fi kọ́ ọmọ iléèwé nígbà kan, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹlòmíràn jogún tirẹ̀ lọ́wọ́ òbí tó ṣe tíṣà. Ọdún kì í sábà sí lára irú máàpù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ tuntun jù lọ lára máàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ohun tó gbó jù. Kò sẹ́ni tó lè tẹ orúkọ tí wọn kò tíì sọ ilẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí Èkó bá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Southern Nigeria”, ọdún 1900 sí 1906 ni máàpù náà ń fi hàn, nítorí ní 1906 ni wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù. Bí Àríwá àti Gúúsù bá ṣì jẹ́ ìjọba méjì, ó ṣáájú 1914 tí Lugard so wọ́n pọ̀. Bí Tógò àti Kamẹrúùnù bá wà lábẹ́ Jámánì, ti ìgbà tó ṣáájú òpin Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Lẹ́yìn ogun náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín méjèèjì láàárín ara wọn.

“Gold Coast” di Ghana ní 1957. Gúúsù Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì kúrò lọ́dọ̀ Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 1960. Nítorí náà, máàpù tó kọ “Ghana”, tó sì ṣì ka apá yẹn mọ́ Nàìjíríà, ìgbà tí kò tó ọdún mẹ́rin ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1963 ni Midwest kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ìpínlẹ̀ méjìlá dé ní 1967. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976. Ọ̀ṣun ní 1991. Èkìtì ní 1996. Dahomey náà di Benin ní 1975.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Òǹtẹ̀wé lè tún àwòrán àtijọ́ tẹ̀ láìyí orúkọ padà. Orúkọ tuntun fi hàn dájú pé máàpù kò dàgbà ju ìgbà báyìí lọ. Orúkọ àtijọ́ nìkan kò tó ẹ̀rí pé ó ti pẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo etí ìsàlẹ̀, níbi tí àdírẹ́sì òǹtẹ̀wé wà. Bó bá jẹ́ ti London, “E.C.” lásán sábà máa ń tọ́ka sí ìgbà tó ṣáájú 1917. Ọdún yẹn ni wọ́n fi nọ́ńbà kún un, bíi “E.C.4”. Ẹ tún fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tótòtó wẹ́wẹ́ tó tò létòlétò, ìtẹ̀wé tó fi kámẹ́rà ya àwòrán ni. Èyí tí wọ́n fọwọ́ yà sórí òkúta kì í tò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ábídí Yorùbá tí wọ́n ń fi kọ́ ògiri, sípẹ́lì ni ẹlẹ́rìí. “Ẹiyẹ”, “aiye” àti “enia” ni àtijọ́. “Ẹyẹ”, “ayé” àti “ènìyàn” ni ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe férémù gé etí rẹ̀ kúrò: ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Bó bá jẹ́ ogún ni, ẹ bi àwọn àgbà léèrè iléèwé tó ti wá àti ẹni tó fi kọ́ni, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ óò máa tọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Irú máàpù yìí ló sọ fún àwọn òbí wa bí ayé ṣe rí àti ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn. Bí a bá mọ ọdún rẹ̀, a óò mọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn, àwọn ọmọ wa yóò sì rí ibi tí a ti ń bọ̀.