Ilé Àwọn Àgbẹ̀ àti Ilé Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin ọmọ Tẹ̀dé nílé, lóko àti ní ẹ̀yìn odi, ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọdún yìí. Kì í ṣe ti ilé tuntun tí a ń kọ́, bí kò ṣe ti èyí tí a jogún, tí ó sì ń wó lọ lójú wa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ. Láàárín 1950 sí 1970, ọ̀nà ìkọ́lé tuntun gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwọn ilé tóóró tí atẹ́gùn lè gba inú wọn já. Wọ́n fi kọnkéré oníhò bo ojú ògiri kí oòrùn má baà pa ẹni tí ó wà nínú ilé, kí afẹ́fẹ́ sì ráàyè wọlé. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá: kí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn baba ńlá wa wà fún, bí kì í bá ṣe fún òjìji àti atẹ́gùn?

Ní ìlú bíi tiwa, páànù àti sìmẹ́ńtì ni àmì ìgbà ọ̀tun. Ní 1960 ni ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó bá ta iṣu tàbí tábà tí ó rí èrè, páànù ni yóò kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a bí púpọ̀ nínú wa sí.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ilé ìgbà náà wà ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn: Cocoa House. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó fi owó kòkó àti irè oko mìíràn kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1965. Àjà 26 ni ó ní, ó ga tó nǹkan bí mítà 105. Kò sí ilé tí ó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ tiwa, a kì í ṣe olóko kòkó; síbẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́ yìí kò yọ wá sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1985, iná jó ilé náà, ó sì bà á jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n Ilé-iṣẹ́ Odù'a, tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1976, kò jẹ́ kí ó di ahoro. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní oṣù kẹjọ 1992. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Èkíní ni pé ilé tí egungun rẹ̀ bá ṣì dúró kò tíì kú. Èkejì, tí ó wúwo jù, ni pé Cocoa House ní ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ilé baba wa jẹ́ ti gbogbo wa, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wà ní Èkó ń retí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó wà nílé kò lówó. Òjò kò sì dúró de ìpàdé ẹbí.

Bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ilé amọ̀. Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí a la ojú àgbàrá kí omi má baà dúró ní ìdí ògiri. Sìmẹ́ńtì kì í di amọ̀ mú pẹ́ títí: bí omi bá gba ojú ibi tí ó sán wọlé, kò ní tètè gbẹ, amọ̀ yóò rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ara ilé yóò sì máa ṣí. Nítorí náà, amọ̀ ni kí a fi dí ihò amọ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Kí a má sì ṣe dí fèrèsé àti ihò atẹ́gùn nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọjọ́ tí iná mànàmáná bá lọ, ilé náà yóò di ààrò.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò máa dáhùn fún ilé, kí a sì máa dá owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Àwọn àgbẹ̀ ni ó ni owó tí a fi kọ́ ilé gíga Dùgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ni ó sì kọ́ èyí tí a bí wa sí. Ti Dùgbẹ̀ jóná, ó tún dìde. Kí tiwa má ṣe wó nítorí páànù kan tí ó ṣí.