Ilé Ọkọ̀ Montlake àti Àwọn Ọmọ Tó Gba Wúrà ní Berlin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi Yunifásítì Washington ní Seattle, etí omi Montlake ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé pákó ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kọ́ ní 1918 fún ọkọ̀ òfurufú tó ń bà lé omi. Ogun parí, ilé di ti yunifásítì. Lókè àjà rẹ̀ ni George Pocock ti ń kan ọkọ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ Eton ni bàbá náà ti ń kan ọkọ̀ fún ọmọ ọlọ́lá. Pákó kédárì tó tín-ín-rín ni Pocock ń fi bo ara ọkọ̀ tirẹ̀. Lójú tèmi, òun gan-an ni òpó ilé náà.

Ọmọ olówó kọ́ ló ń wa ọkọ̀ wọ̀nyí. Joe Rantz, ọ̀kan nínú wọn, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá rẹ̀ kó lọ, tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní Sequim kó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Ní oṣù Keje 1936, ẹgbẹ́ náà borí ní Princeton, wọ́n di aṣojú Amẹ́ríkà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Berlin. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí 5,000 dọ́là, ẹgbẹ́ Pennsylvania ni yóò lọ dípò wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nínú ọ̀dá owó ìgbà náà, àwọn ará Seattle dá owó náà pé.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ni àṣekágbá, ní Grünau, Hitler ń wòran. Ojú omi tí afẹ́fẹ́ ti ń jà jù ni wọ́n fún wọn. Ara Don Hume, tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé àjẹ̀ rẹ̀, kò yá. Al Ulbrickson, olùkọ́ wọn, fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí wọ́n ní kí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ariwo èrò bo ohùn Bob Moch, ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ tó ń darí wọn. Ló bá ń fi igi ọwọ́ rẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n lè máa fi àjẹ̀ jẹ́ ìlù náà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 25.4 ni wọ́n fi dé òpin. Ítálì ṣe ìkejì, Jámánì ṣe ìkẹta, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló sì ya ẹni kìn-ín-ní sí ẹni kẹta.

Husky Clipper, ọkọ̀ Pocock tí wọ́n fi borí, ń bẹ ní ilé ọkọ̀ Conibear ti yunifásítì náà, ní yàrá tí àwọn awakọ̀ òní ti ń jẹun. Pocock kò sì dáwọ́ dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléèwé gíga Amẹ́ríkà ń wà, títí kan àwọn tó ń bá Washington figa gbága.