Famicom àti NES: ọmọ ìyá tí kì í jẹun nínú àwo kan náà

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ láti Japan, kó gbọ́ ìtàn yìí kó tó kì í bọ iná.

Ọdún 1983 ni Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan. Iná 100 fóltì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. 220 ni tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Transfo tó bá a wá láti ibẹ̀ yóò jóná lọ́wọ́ wa, nítorí náà a ní láti wá òmíràn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní 1985, Nintendo kan náà gbé NES lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹnu okùn iná àwọn méjèèjì bára mu, ṣùgbọ́n iná AC, 9 fóltì, ni transfo NES ń mú jáde. Inú NES fúnra rẹ̀ ni ohun tó ń sọ ọ́ di DC wà. Famicom kò ní irú rẹ̀. DC 10 fóltì, 850 mA, ló ń retí. Ẹ ki ti NES bọ̀ ọ́, ẹ lè pa á.

Nítorí náà, ẹ ka ara transfo kẹ́ ẹ tó sanwó: kó lè gba 220, kó mú DC 10 fóltì jáde, kí mA rẹ̀ tó 850 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àmì − wà láàárín, kí + wà níta.

Láti 2003 ni Nintendo ti ṣíwọ́ ṣíṣe Famicom. Èyí tó bá jóná, kò sí tuntun rẹ̀ mọ́.