Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń pinnu èrè: bí a ṣe ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ kí ó má baà ṣòfò

Abo ẹja àrọ̀ kan tó wọn kílò kan lè fúnni ní ẹyin tó tó 50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja ló máa ń ka ọmọ ẹja rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, tí kò ní rí ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Òkú ẹja kò léfòó, olè kò wọ ọgbà, ṣùgbọ́n ẹja ń dín kù lójoojúmọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ló bà á. Àwọn mìíràn á ní orí àwọn kò gba ọ̀sìn ẹja. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: oúnjẹ, omi àti ṣíṣà ẹja sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí.

Ẹja àrọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus jẹ́ ẹja ilẹ̀ Áfíríkà. Ó wà nínú odò Náílì, ó wà nínú odò Ọya, ó sì wà títí dé odò Orange ní gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń sìn ín jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti àwọn ọgbà ẹja ńlá bíi Eriwe ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde dé inú táńkì kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹja tó ní agbára ni, nítorí ó lè gbé orí sókè mí afẹ́fẹ́ tí omi bá bàjẹ́, ó sì lè tó kílò kan láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Agbára yìí gan-an ló ń tan olùsìn jẹ. Ẹ̀yà ara tí ẹja àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè kò tíì sí lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, inú omi nìkan ni ọmọ ẹja ti ń rí ọ́síjìn. Ìdí nìyí tí ẹja tí ìyá rẹ̀ lè la inú ẹrẹ̀ já fi lè kú tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì dákẹ́.

Bí ọmọ ẹja ṣe ń wáyé

Nínú odò, ìgbà tí òjò bá mú omi kún bo koríko etí odò ni ẹja àrọ̀ máa ń yé. Nínú táńkì, kì í sábà yé fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gún abo ní abẹ́rẹ́ họ́mónù, tí wọ́n á dúró fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n tó rọra tẹ ikùn rẹ̀ kí ẹyin jáde. Àtọ̀ akọ kì í ṣeé fún jáde bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń pa á láti rí i gbà.

Ẹyin tó gba àtọ̀ á pa láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó kú á di funfun, olú á sì hù lé e lórí, ó sì lè ran èyí tó wà láàyè. Ẹ tètè kó o kúrò.

Ẹ má ṣe máa fi ọmọ ìyá kan náà gun ara wọn láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti sún mọ́ra jù, ọmọ tó ń fà sẹ́yìn àti èyí tí ara rẹ̀ kò pé á máa pọ̀ sí i.

Oúnjẹ: ìgbà tí a kì í fún wọn àti ìgbà tí a kò gbọdọ̀ pẹ́

Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àpò oúnjẹ kékeré lábẹ́ ikùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jẹ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ tí a bá dà sómi lásìkò yìí kò wúlò. Omi nìkan ni yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí àpò náà bá ti ń tán, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, oúnjẹ gbọ́dọ̀ dé ní kíákíá. Ẹja tí ebi bá pa ní ọjọ́ yìí kì í sábà bọ́ sípò mọ́.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dára jù ni Artemia, ẹ̀dá inú omi iyọ̀ tó kéré bí ìdajì mìlímítà. Inú agolo ni wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Great Salt Lake ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan kí ó lè pa, a ó sì yọ èèpo ẹyin kúrò. Mímì tí ó ń mì nínú omi ló ń mú kí ọmọ ẹja lé e, kí ó sì gbé e mì. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ máa fún wọn, tọ̀sán-tòru, díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ìyẹ̀fun tó kúnná bíi mìlímítà 0.2 sí 0.3 mọ́ ọn. Ẹ má ṣe yí i padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹnu wọn bá ti ń fẹ̀, ẹ lọ sí 0.5, lẹ́yìn náà sí 0.8 àti 1.2.

Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023, oúnjẹ tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí, àwọn kan sì ń fi pupa ẹyin adìẹ tàbí wàrà oníyẹ̀fun rọ́pò rẹ̀. Ó ń tètè ba omi jẹ́, owó tí a rò pé a fi pamọ́ á sì bá òkú ẹja lọ. Àjẹjù náà léwu: ikùn ọmọ ẹja lè wú títí tí yóò fi bẹ́.

Omi tó mọ́ lójú lè máa pa ẹja

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń mú amóníà jáde. Ojú kò lè rí i, ó sì ń ba ìjàgbọ̀n ẹja jẹ́. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni oró rẹ̀ ń le sí i. Lójoojúmọ́, ẹ fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta omi náà sí ìdajì rẹ̀.

Omi tuntun gbọ́dọ̀ ní ooru kan náà pẹ̀lú ti táńkì. Omi ìjọba tó ní klórínì lè pa gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ó dúró sínú ohun tó ṣí sílẹ̀ kí èròjà náà lè fẹ́ lọ. Omi kànga ẹ̀rọ kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè wá kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Ooru tó bá wọn lára mu ni 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní àsìkò ọyẹ́, omi táńkì lè tutù púpọ̀ lóru. Ẹ bò ó, kí ẹ sì dín oúnjẹ òwúrọ̀ kù títí oòrùn yóò fi ràn. Ìbòrí yìí tún wúlò fún ohun mìíràn: ẹja àrọ̀ fẹ́ òkùnkùn, ìjà wọn sì máa ń dín kù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti pọ̀.

Ẹja tó ń gbé ọmọ ìyá rẹ̀ mì

Ibí ni àdììtú ẹja tó ń dín kù láìsí òkú wà. Ọmọ ìyá kan náà kì í dàgbà bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn díẹ̀ á ti yọrí ju ìyókù lọ. Àwọn ni olùsìn ẹja ń pè ní ṣútà. Wọ́n á kọ́kọ́ máa gé ìrù àwọn tó kéré jẹ. Bí wọ́n bá ti tóbi tó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì lódindi. Bí wọ́n bá ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tóbi sí i, àlàfo náà sì ń fẹ̀.

Yorùbá ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹ máa ṣà wọ́n sí ọ̀nà mẹ́ta: ńlá, àárín àti kékeré, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ike tí a dá lu ihò tó dọ́gba máa ń mú iṣẹ́ yìí yá: àwọn tó kéré á gba inú ihò já, àwọn ńlá á dúró. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí oúnjẹ má tíì wà nínú wọn, kí ọwọ́ àti àwọ̀n sì tutù. Ebi àti kíkún àkúnjù máa ń mú kí wọ́n jẹ ara wọn sí i. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ jù sójú kan.

Tí ara wọn kò bá yá

Ẹja tó dúró lóòró nínú omi, tó ń fi ara gbo táńkì, tí kò jẹun tàbí tí funfun yọ lára rẹ̀ ń kìlọ̀ fún olówó rẹ̀. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe oògùn. Dída oògùn apakòkòrò sínú omi láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí kòkòrò àìsàn gbọ́n ju oògùn lọ, ewu rẹ̀ sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹja náà.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ọmọ ẹja

Ẹ wò wọ́n nínú omi kí ẹ tó sanwó. Kí wọ́n dọ́gba, kí irùngbọ̀n àti ìrù wọn pé, kí wọ́n sì lè lúwẹ̀ẹ́ kojú omi tó ń ṣàn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n pa àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣùgbọ́n tí kò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lè jẹ́ àṣẹ́kù tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀. Ẹ̀dínwó rẹ̀ kì í ṣe èrè.

Kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó rìnrìn àjò, kí ẹ sì gbé wọn nígbà tí oòrùn kò mú. Bí ẹ bá délé, ẹ fi náílọ̀nù tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ léfòó sínú táńkì fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa bu omi táńkì sí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ iye tó wọlé, iye tó kú àti iye tí ẹ kà nígbàkígbà tí ẹ bá ṣà wọ́n sí. Bí iye bá dín tí òkú kò sí, ẹ ó mọ̀ pé ọjọ́ ṣíṣà ti pẹ́ jù.