Ta ni Ẹ̀jẹ̀ Yóò Dà Lára Rẹ̀? Ìtàn Ìmọ̀ nípa Okùnfà Ẹ̀jẹ̀ Dídà lẹ́yìn Ìbímọ

Ìfáàrà

"Ẹ kú ewu ọmọ" ni Yorùbá fi ń kí obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ewu ni ìkíni náà dárúkọ, kì í ṣe ayọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣàdúrà fún aláboyún pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé igbe ọmọ kọ́ ni òpin ìkúnlẹ̀. Lára àwọn ewu tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn igbe náà, ẹ̀jẹ̀ dídà ló ń pa abiyamọ jù lọ lágbàáyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ̀jẹ̀ tó dà láàrin wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ bá tó ìwọ̀n mìlílítà 500 ni àwọn oníṣègùn ń kà á sí àìsàn. Àpilẹ̀kọ yìí ń tọpinpin bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn: ta ni ẹ̀jẹ̀ yóò dà lára rẹ̀?

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dá

Ilé ọmọ jẹ́ ẹran ara alágbára. Bí ọmọ àti olóbì bá ti jáde, ó yẹ kí ó súnkì, kí ó sì fún àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá pa, bí ìgbà tí a bá fún ẹnu àpò pa. Ohun mẹ́rin ló lè ba ètò yìí jẹ́. Ilé ọmọ lè rọ̀ jọwọlọ kí ó má súnkì. Olóbì tàbí apá kan rẹ̀ lè ṣẹ́ kù sínú. Ojú ara tàbí ilé ọmọ lè fàya. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì lè kọ̀ láti dì. Èyí àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù: nínú obìnrin mẹ́wàá tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, òun ló ń fà á fún bíi méje.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ wá oògùn

Ìwòsàn ṣáájú ìmọ̀ nípa okùnfà. Ní 1808, John Stearns ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ergot, ohun kan bí olú tó máa ń hù lára ọkà, pé ó ń mú ìrọbí yá. Nígbà tí ó di 1824, David Hosack kìlọ̀ pé oògùn náà ń pa ọmọ inú, pé ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ nìkan ni kí a máa fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1829, James Blundell ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára, tí ó sì yè. Dudley àti Moir yọ ergometrine jáde láti inú ergot ní 1935. Ní 1953, Vincent du Vigneaud ṣe oxytocin ní yàrá àyẹ̀wò, iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1955.

Kíka àwọn okùnfà ewu

Bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ni okùnfà ewu ń hàn. Lára wọn ni oyún ìbejì tàbí ọmọ tó tóbi jù, ìrọbí tó pẹ́, ìbímọ tó ti pọ̀, iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí àtẹ̀yìnwá, ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún, àti ẹ̀jẹ̀ tó ti dà rí nígbà ìbímọ ìṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ìbejì kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí P. P. S. Nylander ti Ìbàdàn ṣe ní ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ìbí 1,000, ó lé ní 40 tó jẹ́ ti ìbejì, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Àpò tí a bá ti fà jù kì í tètè padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà, àwọn ènìyàn tó ń fi orin àti ère yẹ́ ìbejì sí jù lọ ni ewu yìí súnmọ́ jù lọ.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ara obìnrin alára líle lè fara dà lè gbẹ̀mí ẹni tí ibà tàbí àìjẹunrekánú ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Ní òpin àwọn ọdún 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan lárugẹ: kí a ya aláboyún eléwu sọ́tọ̀, kí a sì fún un ní ìtọ́jú àkànṣe. Ní àkókò yìí kan náà, láàrin 1976 sí 1979, Kelsey Harrison kó àkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774 jọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Zaria, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1985. Ó hàn níbẹ̀ pé ikú pọ̀ gidigidi láàrin àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé wọn dé. Ewu kò sí nínú ara obìnrin nìkan. Ó wà nínú òṣì, nínú àìkàwé àti nínú ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí kíkà kò tó

Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹni tí a kà mọ́ aláìléwu lánàá lè kú lónìí. Ní 1987, ìpàdé Nairobi gbé ikú abiyamọ síwájú gbogbo ayé. Ní 1988, ìwádìí kan ní Bristol fi hàn pé fífún gbogbo obìnrin ní oògùn àti ìrànlọ́wọ́ láti bí olóbì dín iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn kù, láti 17.9 sí 5.9 nínú 100. Láti ìgbà náà, èrò yí padà: gbogbo aláboyún ni kí a kà mọ́ eléwu.

Ṣùgbọ́n oxytocin ń fẹ́ ibi tútù, iná mànàmáná kò sì dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Èyí ló mú kí ìgbésẹ̀ Nàìjíríà ṣe pàtàkì, nígbà tó fọwọ́ sí lílo misoprostol fún ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ ní 2006, nítorí oníhóró ni, kò sì nílò fíríìjì. Ní 2017, ìwádìí lára obìnrin 20,060, tí àwọn ará Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, fi hàn pé tranexamic acid ń dín ikú kù bí a bá tètè lò ó, kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá. Ní 2023, ìwádìí mìíràn ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa lo ọ̀rá tó ní ìlà òdiwọ̀n lábẹ́ obìnrin, nítorí pé ojú lásán máa ń fojú kéré ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi gbogbo ìtọ́jú ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko àti àbáyọrí búburú rẹ̀ fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ní 2025, ìlànà tuntun Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má dúró de mìlílítà 500 mọ́. Bí ó bá tó 300, tí ìlù ọkàn tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ti yí padà, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a pa kíka okùnfà ewu tì. Aláboyún ìbejì gbọ́dọ̀ bímọ níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti oníṣẹ́ abẹ wà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ohun tí ó kọ́ni ni pé àsọtẹ́lẹ̀ kò lè rọ́pò ìmúrasílẹ̀. Àwọn tó ń kí abiyamọ kú ewu kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá oyún rẹ̀ le tàbí ó rọ̀. Gbogbo abiyamọ ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. Ó gba ìmọ̀ ìṣègùn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí òun náà tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún ìjọba, agbẹ̀bí àti ìdílé ni láti rí i pé oògùn, òdiwọ̀n àti ọkọ̀ wà nílẹ̀ kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀.