Gbàgede Amazon ní Kùtọ̀nú

Gbàgede Amazon wà ní etíkun Kùtọ̀nú, lẹ́bàá òpópónà Marina, nítòsí ààfin Ààrẹ orílẹ̀-èdè Benin. Ère kan ló gba gbogbo ojú ibẹ̀: ọ̀dọ́mọbìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30, ìbọn lọ́wọ́ kan, idà kékeré lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá dúró nídìí rẹ̀ yóò gbójú sókè títí ọrùn yóò fi máa ro ó. Egungun irin ló wà nínú ère náà, tí wọ́n fi idẹ bò lóde. Ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 150. Li Xiangqun, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ló mọ ọ́n. Ààrẹ Patrice Talon ló ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2022.

Àwọn obìnrin jagunjagun ìjọba Dàhọ̀mì àtijọ́ ni ère yìí dúró fún; àwọn Òyìnbó ló sọ wọ́n ní Amazon. Agojie ni àwọn Fọ̀n ń pè wọ́n, tàbí Mino, èyí tó túmọ̀ sí “àwọn ìyá wa”. Ọba Ghezo ti Dàhọ̀mì ló sọ wọ́n di ọmọ ogun gidi. Kùtọ̀nú fúnra rẹ̀ mọ̀ wọ́n: Faransé ní ìwé àdéhùn ọdún 1868 ló fún òun ní ìlú náà, Dàhọ̀mì ní irọ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọdún 1890, kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, ya bo Faransé níbẹ̀, tobìnrin tọkùnrin. Ìbọn Faransé ló lé wọn padà.

Ọmọ Yorùbá kò lè fi ojú àlejò lásán wo ère yìí. Ní ọdún 1851, àwọn obìnrin wọ̀nyí wà nínú ogun tó dé ẹnubodè Aró l'Ábẹ́òkúta. Ìtàn sọ pé ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá yẹ òkú ọ̀tá wò ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, ìtìjú ìyẹn sì tún mú ìjà wọn le sí i. Dàhọ̀mì padà wá ní 1864, wọ́n tún lé e. Ìlú Kétu ni kò rí bẹ́ẹ̀ bọ́: Dàhọ̀mì sun ún níná ní 1886, wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbọ̀mẹ̀, olú-ìlú Dàhọ̀mì.

Oṣù Kìíní ọdún 1894 ni Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé. Ìṣubú ìjọba rẹ̀ yẹn ló la ọ̀nà fún àwọn ẹrú Kétu láti padà sílé, tí wọ́n tún ìlú wọn tẹ̀ dó.